Ohun Tí Ìdìpọ̀ Kò Rí Dì

Ẹni tó ka kọ́míìkì Civil War ti ilé iṣẹ́ Marvel nígbà tó ń jáde ní ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ méje, láti oṣù Kárùn-ún 2006 títí wọ oṣù Kejì 2007, àti ẹni tó rà á ní ìdìpọ̀ kan ṣoṣo, tó kà á tán kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ìtàn kan náà kọ́ ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ tí Mark Millar fi sí àwọn akọni náà lẹ́nu kò yí padà, àwòrán Steve McNiven kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì kan ní London ni mo hu ewú sí. Mo ta ìwé yìí lọ́nà méjèèjì, ohun tí mo sì rí ni pé ẹni tó ra ti oṣooṣù a máa padà wá jà, ẹni tó ra ìdìpọ̀ a máa padà wá sọ fún mi pé ó dùn tàbí pé kò dùn. Ìjà yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: àwọn ọ̀dọ́ akọni kan ń lé ọ̀daràn kiri nítorí ètò tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Stamford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà, Nitro, ẹni tí ara rẹ̀ máa ń bú bíi bọ́ǹbù, bú gbàmù lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà wá ṣòfin pé gbogbo ẹni tó bá ní agbára àrà ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti ojú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ. Iron Man ní òfin náà dára. Captain America ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Láti 1964 ni àwọn méjèèjì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Avengers, ahọ́n àti eyín ni wọ́n, ìjà wọn kò sì tíì dé ibi tí ẹnu fi ń fà ya. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ya. Ọ̀pọ̀ akọni tó ní ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ Marvel ni ọ̀rọ̀ náà fà wọlé, ilé iṣẹ́ náà sì fi ìpolówó bi àwọn òǹkàwé léèrè pé, ẹ̀yìn ta ni ẹ wà?

Ìbéèrè tó léwu ni èyí láti bi ẹni tó ti sanwó. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n kí ni kí a pe ẹni tí wọ́n fi sórí àga adájọ́ tí wọ́n ń bu ẹ̀rí fún ní ojú ewé díẹ̀ díẹ̀ lóṣù? Òǹkàwé ń dájọ́ lónìí, ó ń tún un dá lóṣù tó ń bọ̀, kò sì ṣeé dá dúró nítorí pé wọ́n ti bi í, ó sì ti fèsì. Ṣọ́ọ̀bù wa pín sí méjì. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kí wọ́n má baà pàdé àwọn kan.

Ẹ sì rántí ọdún tí a wà. Oṣù Kẹta 2006 ni òfin káàdì ìdánimọ̀ Bìrìtéènì di òfin. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé kìíní Civil War dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kà á bí ọ̀rọ̀ àwọn òfin tí ìjọba wọn ṣe lẹ́yìn ìkọlù 2001. Àwa tí a wà ní London, káàdì ni a rí. Oníbàárà kan wà nígbà náà, ọmọ Nàìjíríà, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì bọ́ sípò. Kì í gbé ohùn sókè lórí ohunkóhun, ṣùgbọ́n bí a bá ti dórí òfin ìforúkọsílẹ̀ yìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó bá ti fi orúkọ sílẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n lè wá gbé lóru. Nọ́ọ̀sì kan, tó máa ń ra ti ọmọ rẹ̀ tó sì máa ń kà á tán nínú bọ́ọ̀sì kó tó délé, kò gbà fún un rárá. Ó ní, “Àbúrò, dókítà ní ìwé àṣẹ, èmi tí mo ń gún abẹ́rẹ́ ní ìwé àṣẹ, awakọ̀ pàápàá ní. Ṣé ẹni tí iná ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò wá ní ní?” Ó dá a lóhùn pé, “Anti mi, ẹ̀yin, wọ́n fún yín ní ìwé. Èmi, ìwé ni wọ́n fi ń lé mi.” Èmi kò dá sí i, ọjà ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí àwọn méjèèjì ń kà pọ̀ ju ohun tí Millar kọ lọ.

Nínú oṣù Kẹfà, ìwé kejì jáde. Peter Parker bọ́ ìbòjú Spider-Man kúrò lójú níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ka ìtàn ọmọkùnrin yìí láti kékeré mọ ohun tí èyí jẹ́: ó ní ìyàwó, ó ní àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà, gbogbo ọ̀tá rẹ̀ sì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àgbà ọkùnrin kan já wọ ṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, “Ta ló gba ọmọ yìí nímọ̀ràn?” Mo ní Iron Man ni. Ó ní ó dára, òun ti gbọ́. Títí tí ọdún fi parí, kò ra ìwé Iron Man kankan mọ́, ó ń fìyà jẹ ẹni tí kò sí láyé. Nínú ìdìpọ̀, ẹ óò kàn ṣí ojú ewé tó kàn ni. Kò sí àyè láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, wọ́n kéde pé ìwé kẹrin yóò pẹ́. Iṣẹ́ àwòrán kò tíì parí, Marvel sì yàn láti dúró de McNiven dípò kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Àwọn ìwé yòókù tó so mọ́ ìtàn náà dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé kẹrin dé nínú oṣù Kẹsàn-án, ìkarùn-ún nínú oṣù Kọkànlá, ìkeje tó yẹ kó jáde kí ọdún tó parí sì di ọdún tuntun. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi òwe yẹn dá ẹni tó mú owó ìwé dání wá lóhùn. Ọjọ́bọ̀ ni ọjà tuntun ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti rà á, Ọjọ́bọ̀ sì di ọjọ́ èébú.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ti fi ẹni tí wọ́n ń ṣe ìwé fún hàn wá. Òǹkàwé oṣooṣù ló jìyà ìdúró. Ẹni tí yóò ra ìdìpọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i ni wọ́n ṣe lóore. Bí ẹ bá bi mí ní oṣù Kẹjọ yẹn, màá ní ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìdìpọ̀ náà lónìí, ọwọ́ kan náà ló yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ibi tí ojú ti kọsẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n mọ òwò wọn. Ohun tí kò sí nínú ìdìpọ̀ ni ohun tí àwọn ènìyàn fi àwọn ọ̀sẹ̀ ìdúró wọ̀nyẹn ṣe. Ọmọdékùnrin kan ní ìwé ìkọ̀wé iléèwé tó fi ń kọ gbogbo gbólóhùn tí Iron Man sọ, ó ń fi dáni lójú pé Iron Man gan-an kọ́ nìyẹn, adàrọ́pò ni, pé àlejò láti ojú ọ̀run ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Àwọn àgbàlagbà dúró gbọ́ ọ. Wọ́n bi í léèrè, ó fèsì, wọ́n tún bi í. Kò jóòótọ́, bí ìwé keje ti fi hàn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lórí Civil War, ti ọmọ yẹn ni mo rántí jù.

Òǹkàwé tó ń tọwọ́ bọ ìtàn kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilé iṣẹ́ kọ́míìkì DC, olótùú Julius Schwartz máa ń tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn ní kíkún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ kọ́míìkì ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Ní Marvel, Stan Lee ń fi àpòòwé òfìfo ránṣẹ́ bí ẹ̀bùn sí ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ìtàn tó sì wá àlàyé tó bọ́gbọ́n mu sí i, àwọn ènìyàn sì ń fi àpòòwé òfìfo yìí yangàn. Ní 1988, DC ní kí àwọn òǹkàwé fi tẹlifóònù dìbò bóyá Jason Todd, Robin ìgbà náà, yóò kú tàbí yóò yè. Ọgọ́ta sẹ́ǹtì ó dín mẹ́wàá ni ìbò kan. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé, 5,343, ní kó kú; 5,271 ní kó yè. Ìyàtọ̀ 72 ló sin ọmọ náà. Mo ti bá ẹni tó ka ìtàn yẹn ní ìdìpọ̀ pàdé, tó ń bú òǹkọ̀wé pé ìkà ni.

Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ìdúró de apá tó kàn. Ìwé àtìgbàdégbà Atọ́ka ló kọ́ wa, tó ń fi fọ́tò ṣe eré àwọn òṣèré wa, tó ń já a síbi tó dùn jù. Ní 1975, wọ́n ti London ṣe Powerman, akọni adúláwọ̀, fún ọjà Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland tí ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà ló ń yà á. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà tuntun nínú kíláàsì ni ọba ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó bá sì kà á tán tó sọ ìparí rẹ̀ fáwọn yòókù kò ní rí ẹni bá a ṣeré. Bóyá ibẹ̀ ni iṣẹ́ káńtà yìí ti wọ̀ mí lára.

Àtijọ́, ìdìpọ̀ kì í tètè dé. Crisis on Infinite Earths ti Marv Wolfman àti George Pérez jáde ní ìwé méjìlá láàárín 1985 sí 1986, ó pa Supergirl, ó pa Flash, ó pa odindi ayé rẹ́. 1998 ni wọ́n tó dì í pọ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹnu àwọn tó kà á ni ìtàn náà ń gbé ju inú ìwé lọ. Ọmọdé tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ bi àgbà kan, kò sì sí àgbà tó sọ ọ́ láìfi ìbínú tirẹ̀ kún un. Civil War parí ní oṣù Kejì 2007, nínú ọdún kan náà ni ìdìpọ̀ rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ wa. Ọbẹ̀ kò tíì tutù, wọ́n ti bù ú sínú agolo.

Ọkùnrin kan dá ìdìpọ̀ yẹn padà fún mi, ó ní ojú ewé ti já nínú rẹ̀. A jọ kà wọ́n, wọ́n pé. Ohun tó ń wá ni bí ọkàn Spider-Man ṣe yí títí tó fi kúrò lẹ́yìn Iron Man. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé Spider-Man fúnra rẹ̀, ìdìpọ̀ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn sì ni. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fà á ya. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ìtàn yìí gba ọ̀nà púpọ̀ jù wọ ọjà, ìdìpọ̀ sì tẹ ọ̀kan nínú wọn lọ́dà, ó pe ìyẹn ní ìtàn náà. Ben Grimm, alára òkúta, ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣe, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi ní Ben nìkan ni ọlọ́gbọ́n nínú gbogbo wọn. Ẹ kò ní rí ìrìn àjò yẹn nínú ìwé méje náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Front Line tí Paul Jenkins kọ, tó fi ojú àwọn akọ̀ròyìn wo ogun náà. Ní ìparí rẹ̀, akọ̀ròyìn kan, Sally Floyd, kojú Captain America tó wà ní àhámọ́, ó ní kò mọ àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́, ó bi í nípa MySpace àti eré ìje ọkọ̀ NASCAR. Èébú tí ojú ewé yẹn jẹ ní ṣọ́ọ̀bù wa, n kò lè kọ ọ́ síbí. (Ẹ wo MySpace lónìí. Captain America ló jàre.)

Nínú ìwé méje náà, ìkeje ni wọ́n bínú sí jù. Captain America ti gbé Iron Man ṣánlẹ̀, ó ku ìwọ̀nba kó parí ìjà, àwọn panápaná àti òṣìṣẹ́ ìgbàlà rọ́ lù ú, wọ́n dì í mú. Ó wo àyíká, ó rí ohun tí wọ́n ti fi ìlú ṣe, ó bọ́ ìbòjú, ó ní kí wọ́n mú òun. Àwọn tó ti ń jà fún un láti oṣù Kárùn-ún sọ pé ó ta àwọn. Ẹnìkan ní nítorí ọkùnrin yìí ni òun àti àbúrò òun kò fi bára sọ̀rọ̀ ní ọdún Kérésìmesì. Èmi náà rò nígbà náà pé ìparí rẹ̀ yá jù.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìdìpọ̀ kò bínú síbẹ̀, mo sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu wọn. Kò tíì ju wákàtí kan tàbí méjì lọ tí wọ́n ka ikú àwọn ọmọ Stamford. Ojú ewé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n dé ti ìkẹyìn, wọ́n sì rí i kíákíá pé irú ènìyàn kan náà tó kú níbẹ̀rẹ̀ ló wá di Captain mú níparí. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Àwa òǹkàwé oṣooṣù ti bá erin jà títí a fi gbàgbé koríko. Iye ẹ̀ṣẹ́ tí erin wa jù ni a ń kà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ẹni tó sì mọ̀ pé ìtàn yóò parí lálẹ́ òní a máa ráyè wo ẹgbẹ́ ojú ọ̀nà. Mo fún wọn ní èyí láìjanpata. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó tẹ̀ lé e bí àwa ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìwé keje, nínú ìwé Captain America tí Ed Brubaker ń kọ, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin náà lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́. Àwọn tó ti ń bú u pé ọ̀dàlẹ̀ ni dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tò pẹ̀lú àwọn tí kò ra kọ́míìkì rí, tí wọ́n gbọ́ ọ nínú ìròyìn. Ẹni tó ní ó ta àwọn ra ẹ̀dà mẹ́ta.

Ikú kan wà tí ìdìpọ̀ kò rí tù rárá. Nínú ìwé kẹrin, Thor ayédèrú kan, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ Iron Man fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dá, pa Goliath. Bill Foster ni orúkọ Goliath, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ṣí ojú ewé náà lórí káńtà, wọ́n ní, nínú gbogbo ọ̀pọ̀ akọni yìí, ta ni wọ́n tún rí pa? Ní 2006 ni wọ́n béèrè, àwọn tó ra ìdìpọ̀ ní 2010 béèrè, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì dáyé nígbà náà ṣì ń béèrè. Sísúnmọ́ra ojú ewé kò ràn án lọ́wọ́, ìjìnnà oṣù kò dín in kù. Ìyá àgbà kan tó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rí àwòrán ìsìnkú náà: ara Goliath kò padà sí ìwọ̀n ènìyàn mọ́, bó ṣe tóbi gàgàrà náà ni wọ́n ṣe dì í, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ sí kòtò. Ó ní, “Kò ní ẹbí ni?” Ọmọ náà ní, “Màmá, kọ́míìkì mà ni.” Ó ní òun mọ̀ pé kọ́míìkì ni, ìbéèrè òun ni kó dáhùn. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àtúpalẹ̀ ìwé yìí láti ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ, n kò rí èyí tó gún ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fíìmù Captain America: Civil War jáde ní 2016, Lagos ni ìjà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Atlanta ni wọ́n sì ti yà á. Àwọn ọmọ wa rọ́ wá wá ojú ewé tí Lagos wà nínú ìdìpọ̀. Kò sí. Stamford ni mo ṣí hàn wọ́n, ojú sì ti mí díẹ̀ bí ẹni tó ta ọjà tí kò ní. Òfin káàdì ìdánimọ̀ Bìrìtéènì ti kú nígbà náà, 2010 ni wọ́n ti ṣòfin tó pa á, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ìdìpọ̀ kò sì gbọ́ ọ rí. Fún wọn, òfin ìforúkọsílẹ̀ inú ìwé kàn jẹ́ ohun tí àwọn akọni fi ń jà ni. Mo ti gbà pé ìjà nọ́ọ̀sì àti ọkùnrin aláìníwèé yẹn ti bá ọdún tó bí i lọ.

Àfi ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ, ní oṣù Kejìlá 2020, pé kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, NIN, mọ́ síìmù fóònù wọn, kí wọ́n má baà gé wọn. Mo ti fi ìdìpọ̀ Civil War ránṣẹ́ sí àbúrò mi kan ní Lagos, tí kì í ṣe ọmọ kọ́míìkì rárá. Ó gbé e dání lọ tò sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Lọ́sàn-án, WhatsApp rẹ̀ wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn Captain ni mo wà o, mo sì ti ń tò láti aago márùn-ún àárọ̀.” Mo bi í bóyá ó ti dé ìwé keje. Ó ní rárá, ẹni tó wà níwájú òun lórí ìlà ló gbà á lọ́wọ́ òun, ó ń kà á, ó sì ti ń sọ fún gbogbo wọn pé Iron Man ló jàre.